Ta Ló Ni Epo, Ta Ló Ni Èéfín?

Inú ló ń bí mi tí mo fi jókòó kọ èyí, mi ò ní purọ́. Nínú ìwé wa tó jáde kẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa kọ àpilẹ̀kọ kan tó pè ní "Ẹ Jẹ́ Ká Jẹ Epo Wa Tán Ná". Ó kọ ọ́ dáadáa, ó dùn ún kà, nígbà tó sì kà á sókè ní ìpàdé wa, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo dé yàrá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí mo pàtẹ́wọ́ fún.

Ó ní àyípadà ojú ọjọ́, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ó ní àwọn ló kọ́kọ́ jó èédú, tí wọ́n jó epo, tí wọ́n fi kọ́ ilé gogoro, wọ́n wá yó tán, wọ́n ń sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé oúnjẹ máa ń ba ikùn jẹ́. Ó wá fi òkúta lé e pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin tó ń gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kiri họ́sítẹ́ẹ̀lì nítorí iná gáàsì lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe, nítorí pé òfin ò pa iná rí.

Òfin ò pa iná rí. Ẹ mú gbólóhùn yẹn dání, a ń padà bọ̀ wá bá a.

Ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ná. Gbogbo Áfíríkà lápapọ̀, èéfín tí à ń tú sójú ọ̀run kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ti gbogbo ayé. Àwọn Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló jẹ gbèsè yẹn jù, wọn ò sì tíì san án. Ẹni tó bá ní kí Nàìjíríà ti gbogbo kànga epo rẹ̀ pa lọ́la, láìsọ ohun tí a ó fi rọ́pò owó rẹ̀, òun náà ò mọ ibi tí owó oṣù àwọn olùkọ́ wa ti ń wá. Títí débẹ̀, èmi àti ọ̀gbẹ́ni náà ò jà.

Ṣùgbọ́n ṣé jíjẹ la ń jẹ ẹ́? Òun ń sọ̀rọ̀ jíjẹ, èmi ń sọ̀rọ̀ dídànù. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga epo, gáàsì máa ń bá epo jáde, bí ìfófòó ṣe máa ń bá ẹmu jáde. Ilé iṣẹ́ tó bá ní ohun èlò á gbà á, á rọ ọ́ sínú páìpù, wọ́n á fi ṣe iná mànàmáná, wọ́n á fi se ọbẹ̀, tàbí kí wọ́n tì í padà sínú ilẹ̀ tó ti jáde. Èyí tí kò bá fẹ́ náwó á gbé páìpù sókè, á ṣáná sí i. Ó parí. Ọdún 1956 ni wọ́n rí epo ní Oloibiri, ọdún 1958 ni èyí àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ sókè òkun, láti ayé ìgbà yẹn ni iná ti ń jó. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná yẹn ti di bàbá àgbà. Wọn ò mọ òru tó ṣókùnkùn.

Àwa ńkọ́? Àwa mọ òkùnkùn dáadáa. Ta ni kò tíì fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kàwé ìdánwò rí láàárín wa? Ta ni kò tíì gbé sílíńdà kékeré mì wò létí bóyá ó ku ìwọ̀nba tó lè jiná ìrẹsì? Tí wọ́n bá sì mú iná dé lóru, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì á pariwo "Up NEPA!" bí ẹni pé Super Eagles ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé, bẹ́ẹ̀ NEPA gan-an ti kú tipẹ́. Ohun tí à ń pariwo nítorí rẹ̀ yẹn ni wọ́n ń jó dànù ní Delta, ní Bayelsa, ní Rivers, tọ̀sán tòru. Ọ̀gbẹ́ni náà ní ká jẹ epo wa tán. Ara oúnjẹ yẹn kan náà kọ́ ni wọ́n ń sun nínú ìgbẹ́ yẹn ni?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ òfin.

Lọ́dún 1979, ìjọba ológun ṣe òfin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Associated Gas Re-Injection Act. Ohun tó sọ yé ọmọdé: kí gbogbo ilé iṣẹ́ epo mú ètò wá lórí bí wọn ó ṣe lo gáàsì wọn tàbí bí wọn ó ṣe tì í padà sílẹ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jó gáàsì mọ́, àfi tí mínísítà bá fún un níwèé àṣẹ.

Àfi! Inú "àfi" yẹn ni gbogbo rẹ̀ wọ̀ sí. Ìwé àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Owó tí wọ́n ní kí ẹni tó ń jó o máa san nígbà yẹn, kọ́bọ̀ méjì ni lórí gbogbo 1,000 scf, tí í ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn gáàsì. Kọ́bọ̀ méjì. Ó pẹ́ kó tó di náírà mẹ́wàá lọ́dún 1998.

Ẹ má ṣe bí ẹni pé irú òfin yìí ṣàjèjì sí yín o. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kan tí mo gbé rí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo hot plate nínú yàrá, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ á san igba náírà. Igba náírà! Ẹ̀bà ìkòtò kan ní bùkà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí la ṣe? A dáwó jọ níbẹ̀rẹ̀ sáà, a kó o fún pọ́tà, ó kọ nọ́ńbà yàrá wa sínú ìwé rẹ̀, ló bá di pé a ń se ẹ̀wà láti ìrọ̀lẹ́ dé ọ̀gànjọ́. Ìtanràn ti di owó ilé. Kò sẹ́ni tó rò ó mọ́ pé òfin wà níbẹ̀. Ìgbà tí wáyà gbóná tó gbiná, àwọn tó wà ní yàrá tó kángun sí ibi mítà, tí wọn ò ní hot plate rárá, tí wọn ò dá kọ́bọ̀, àwọn ni mátírẹ́ẹ̀sì wọn jóná. Àwọn ló sùn sí kọ́ridọ̀. Pọ́tà sùn sílé rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ iná gáàsì ṣe rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Ìtanràn tó bá kéré sí èrè ẹ̀ṣẹ̀, owó ìwọlé ni. Lọ́dún 2018, wọ́n gbé owó náà dé dọ́là méjì lórí 1,000 scf fún àwọn tó ń wa epo púpọ̀, ìyẹn sàn díẹ̀. Lọ́dún 2021, Petroleum Industry Act dé, ó pa òfin 1979 rẹ́. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n jó gáàsì. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo wá kà á síwájú: àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì, àfi tó bá jẹ́ nítorí ààbò, àfi tí Kọ́míṣọ̀n bá yọ̀ǹda. "Àfi" kò kú o, ó kàn kó ilé ni. Mínísítà dìde, Kọ́míṣọ̀n jókòó sórí àga.

Gbèdéke ńkọ́? Ọdún 1984 lọ. Wọ́n ní ó di 2008. Ìyẹn náà lọ. Wọ́n ní 2020. Wọ́n ti wá ń sọ 2030 báyìí. Onígbèsè tí ẹ bá lọ sin lówó ní Mọ́ńdè tó ní ẹ padà wá ní Fúráìdé, ẹ ẹ́ mọ irú ẹni tó jẹ́ nígbà kẹta. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé gáàsì tí wọ́n ń jó ti dínkù ju ti ọdún 2000 lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ nínú rẹ̀, ọjà ló ṣe é: ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Bonny bẹ̀rẹ̀ sí í kó gáàsì lọ tà lókè òkun lọ́dún 1999, wọ́n rí i pé owó wà níbẹ̀. Ibi tí owó ò sí, iná ṣì ń jó níbẹ̀, orúkọ wa kò sì tíì kúrò nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ń jó gáàsì jù láyé.

Wàyí o, "òfin ò pa iná rí".

Ní oṣù keje ọdún 2005, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jonah Gbemre, ará Iwherekan ní ìpínlẹ̀ Delta, gbé Shell àti NNPC lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Bìní, lórúkọ ara rẹ̀ àti àwọn ará ìlú rẹ̀. Kò béèrè owó epo. Ó ní iná tí wọ́n ń jó sílùú òun ń gba ẹ̀tọ́ àwọn láti wà láàyè àti ẹ̀tọ́ sí iyì ọmọnìyàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Adájọ́ Nwokorie dá a láre. Ó ní jíjó gáàsì lòdì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí. Ó ní "àfi" tó wà nínú òfin 1979 yẹn gan-an kò bófin mu. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ará ìlú lásán-làsàn, lọ́yà rẹ̀, adájọ́ kan, oṣù mẹ́rin péré. Ohun tí mínísítà mélòó kan ò lè ṣe láti 1984, kóòtù sọ ọ́ ní ìjókòó kan.

Iná ò kú. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sún ọjọ́ síwájú, wọ́n sún un sẹ́yìn, wọ́n gbé adájọ́ náà lọ sí Katsina. Ọ̀gbẹ́ni wa á sọ pé òun kúkú ti wí. Rárá o, ohun tó wí kọ́ nìyẹn. Òfin bu omi wá síbi iná, àwọn tó yẹ kó dà á sí i ló gbé korobá pamọ́. Tí ẹ bá rí ẹni tó gbé korobá pamọ́, ṣé omi lẹ máa bú?

Mo fẹ́ wá síbi "ọ̀rọ̀ òyìnbó", torí ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Ọmọ yàrá mi, Ìlàjẹ ni, ará Ayétòrò. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ Ayétòrò yìí, ẹ̀ ń rò pé ti Ẹ̀gbádò ni. Etí òkun ni tiwọn wà, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn Aládùúrà kan ló tẹ̀ ẹ́ dó lọ́dún 1947. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àpò kan ni owó gbogbo wọn ń wọ̀, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n sì ní iná mànàmáná tiwọn nígbà tí àwọn ìlú ńláńlá nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Ìlú Aláyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òyìnbó lóríṣiríṣi wá wò wọ́n, wọ́n kọ ìwé lórí wọn.

Òkun ń jẹ ìlú yẹn lójoojúmọ́. Ó ti kó ilé, ó ti kó ilé ẹ̀kọ́, ó ti hú sàréè. Ọmọ yàrá mi ní nígbà tóun wà ní praímárì, tí wọ́n bá rán òun lọ sétí òkun, ó máa ń rẹ òun kóun tó débẹ̀. Ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ ti wà nínú omi. Èyí tó tún kọ́ sẹ́yìn náà ti tẹ̀lé e. Lọ́dún 2004 ni wọ́n gbé iṣẹ́ síta pé wọ́n máa mọ ohun tí yóò dá òkun dúró. Tí ẹ bá dé Ayétòrò, ẹ bá mi wá a, bóyá ẹ ó rí i.

Mi ò ní sọ fún yín pé iná gáàsì Delta nìkan ló gbé òkun wá bá wọn. Yìnyín ń yọ́ ní ìpẹ̀kun ayé, omi òkun ń gbóná, bó ṣe ń gbóná ló ń fẹ̀, èyí tó sì ń fà á ni èéfín èédú, epo àti gáàsì tí gbogbo ayé ń jó. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ bí ti Ìlàjẹ náà sì máa ń rì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà omi tí àwọn ilé iṣẹ́ epo gbẹ́ wọlé láti òkun ló jẹ́ kí omi iyọ̀ ya wọ inú omi dídùn, tí ẹja kú, tí igi kú. Lóṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọmọ Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún gun ibi tí Chevron ti ń wa epo lójú òkun, tí wọ́n ń pè ní Parabe, pé kí wọ́n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àti lórí ilẹ̀ tó bàjẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, hẹlikóńtà gbé sójà dé. Ìbọn dún. Jola Ogungbeje àti Arolika Irowarinun kú. Larry Bowoto fara gbọta. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n fà á títí di oṣù kejìlá ọdún 2008, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ní San Francisco sì ní Chevron ò jẹ̀bi.

Ọmọ Yorùbá ni wọ́n o. Bí àwa náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́, àyàfi pé Ìlàjẹ wọn dùn létí ju tiwa lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, kó wá sọ ọ́ lójú ọmọ yàrá mi. Mo fẹ́ wà níbẹ̀.

Kí ló wá yẹ ká bá òfin ṣe? Ẹ ṣí Ìwé Òfin ọdún 1999, abala 20. Ó ní kí ìjọba dáàbò bo àyíká, kó tún un ṣe, omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti ẹranko inú rẹ̀. Ó dùn, àbí? Ẹ wá ṣí i padà sẹ́yìn, abala 6, ìpín 6(c). Ó ní kóòtù ò gbọdọ̀ bi ìjọba bóyá ó ṣe gbogbo ìyẹn tàbí kò ṣe é. Bàbá tó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé "mo máa san school fees ẹ, ṣùgbọ́n má ṣe bi mí léèrè o", ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ yẹn ò ní rí school fees.

Ohun tí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń gbé kiri họ́sítẹ́ẹ̀lì yẹn ń béèrè nìyẹn, tí ọ̀gbẹ́ni wa ò kà á kó tó bú u: kí àwọn aṣòfin yọ àyíká kúrò lábẹ́ "má bi mí" yẹn. Ó tún béèrè pé kí Kọ́míṣọ̀n tẹ orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó yọ̀ǹda fún síta, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Kí ló burú ńbẹ̀? Pọ́tà wa gan-an ní ìwé tó ń kọ nọ́ńbà yàrá sí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ kì í ṣe ará Delta, kí ló kàn yín. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti yanjú ìyẹn. Epo kẹrosíìnì ló dà sínú odò ní Acha, ìpínlẹ̀ Abia, láti inú páìpù NNPC. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Centre for Oil Pollution Watch pẹjọ́. Wọ́n ní kí ló kàn wọ́n, ṣé odò wọn ni? Kóòtù kékeré lé wọn, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lé wọn. Lóṣù keje ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ó kàn wọ́n, wọ́n lè pẹjọ́ nítorí àyíká bí kì í tilẹ̀ ṣe ilẹ̀ bàbá wọn. Òfin Àyípadà Ojú Ọjọ́ tó jáde lọ́dún 2021 náà fún kóòtù lágbára láti dá ẹni tó ń ba àyíká jẹ́ dúró, kó sì ní kí wọ́n san gbà-má-bínú fún ẹni tó fara gbá a. Ẹnu ọ̀nà ti ṣí díẹ̀. Àwa la ò wọlé.

Ọ̀rọ̀ "ẹ lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe" ló kù. Lọ́dún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin 27 ní yunifásítì kan ní Vanuatu, orílẹ̀-èdè erékùṣù kékeré kan lójú òkun Pàsífíìkì, jókòó nínú kíláàsì wọn. Bí àwa náà ṣe ń jókòó. Wọ́n ní kí ìjọba àwọn lọ bi ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague léèrè bóyá òfin de àwọn orílẹ̀-èdè lórí àyípadà ojú ọjọ́. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan rẹ́rìn-ín wọn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n bẹ ìjọba kan dé òmíràn, nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìbéèrè wọn lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2025, ilé ẹjọ́ náà dáhùn: òfin dè wọ́n. Orílẹ̀-èdè tó bá kọ̀ láti ká àwọn tó ń tú èéfín lọ́wọ́ kò, tó ń fún wọn níwèé àṣẹ láti wa epo tàbí tó ń fi owó ìjọba gbè wọ́n lẹ́yìn, lè jẹ̀bi níwájú àwọn yòókù. Ìmọ̀ràn ni ilé ẹjọ́ náà fún wọn o, kì í ṣe àṣẹ, kò sì sí ọlọ́pàá tó máa mú ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́yà tó bá máa dúró níwájú adájọ́ ní Bìní tàbí ní Àkúrẹ́ lọ́la ti ní ohun kan lọ́wọ́ tí lọ́yà Gbemre ò ní. Àti pé ẹ kíyè sí i, ìbéèrè yẹn gan-an tún ran ọ̀gbẹ́ni wa lọ́wọ́: òyìnbó tó jẹ gbèsè èéfín, a lè fi sìn ín.

Mo mọ èyí tí ẹ máa sọ. Ẹ máa sọ pé èmi náà ń lo jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń lò ó, òun ni mo fi tẹ iṣẹ́ yìí, èéfín rẹ̀ sì wọ inú yàrá títí a fi ń wúkọ́. Nítorí pé wọ́n ń jó gáàsì tó yẹ kó fún mi níná ni mo ṣe ń ra bẹntiróòlù. Ẹ fún mi níná ná, kí ẹ tó bi mí.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà wà lára pátákó ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Orúkọ méjìdínlógójì ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo kà á ní àná, ti ọ̀gbẹ́ni òǹkọ̀wé wa ò sí níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó fèsì sí mi nínú ìwé wa tó ń bọ̀, mo sì ń retí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó bá mi dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pín fọ́ọ̀mù kan fún wa, fọ́ọ̀mù àwọn tó máa gboyè. Wọ́n kọ "Permanent Home Address" síbẹ̀, wọ́n fa ìlà méjì sí iwájú rẹ̀. Ọmọ yàrá mi wo ìlà méjì yẹn títí. Ó ní, "Permanent kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó yí i sí apá ọ̀dọ̀ mi, ó bi mí pé kí lòun máa kọ síbẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lórí tábìlì wa, kò tíì kọ nǹkan kan, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbà á.